Ògúndípẹ̀ ní Ìlú Àwọn Ọlọ́wọ́-Mẹ́fà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ gbé àpótí wá sí ìdí igi yìí, ẹ kú àfiyèsí. Ẹni tí ẹ̀kọ wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó gbé e mì. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, kí ó rẹ̀ ẹ́, nítorí ìtàn òní kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ tí a ń tòògbé. N ó mú yín dé ìlú kan níbi tí irin ti ń fọhùn bí ènìyàn, tí bàbà ti ń pààrọ̀ aṣọ lójú gbogbo ayé, tí omi ti ń sunkún bí aya tí a lé jáde nílé ọkọ. N ó sì fi ọ̀tá kan hàn yín tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó ń pa ènìyàn tí ó tún ń fi ẹwà kun ún lójú. Síbẹ̀, gbogbo àràmàǹdà wọ̀nyí kò tó ohun tí ọmọ ènìyàn kan ṣe sí ọmọnìkejì rẹ̀, èyí gan-an ni ó sì mú mi pè yín jọ.

Ní ìlú Òkè-Ewìrì, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ, níbi tí òòlù ti ń dún láti ìdájí títí di ọjọ́rọ̀, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí, aya alágbẹ̀dẹ, ọlọ́yàn oore. Ọdún tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, Ògúndípẹ̀, ni obìnrin àjèjì kan bímọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí ó sì kú kí ó tó gbọ́ igbe ọmọ náà dáadáa. Ẹfúnyẹmí gbé ọmọ náà, ó sọ ọ́ ní Abíọ́nà, ó fi ọmú ọ̀tún fún ọmọ inú rẹ̀, ó fi ọmú òsì fún ọmọ tí ó rí he. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe dàgbà pọ̀ bí ìka àti èékánná. Bí wọ́n bá na Abíọ́nà, Ògúndípẹ̀ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí Ògúndípẹ̀ bá rí ẹran jẹ, ó dájú pé Abíọ́nà yóò rí egungun rẹ̀ fọ́. Wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ bàbá kan náà. Ògúndípẹ̀ di ọ̀gá nídìí iná, nítorí ó ní sùúrù bí ìgbín tí ń gun igi. Abíọ́nà náà mọ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sábà wà lára ohun tí ó ń rọ. Ara ẹni tí yóò yìn ín ni ojú rẹ̀ máa ń wà.

Nígbà tí ó yá, àìsàn kan wọ Òkè-Ewìrì. Kò wá bí ìgbóná, kò wá bí ikọ́. Ó wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àlejò tí ó mọ ilé. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn ènìyàn ń funfun, ètè wọn ń funfun, ìpéǹpéjú wọn funfun bí ẹyin àdàbà. Ẹni tí ó ń gbé òòlù ńlá lánàá kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ mọ́ kí ó má mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ wò ó títí, wọ́n ní, “Irin inú ẹ̀jẹ̀ wa ni ó ń tán lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ bá Irin fúnra rẹ̀ ní Ìlú Àwọn Ọlọ́wọ́-Mẹ́fà, kí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sí ara wa.” Ọba Adéṣìgbìn kéde pé ẹni tí ó bá mú ìwòsàn náà dé ni òun yóò fi jẹ Ọ̀tún ìlú. Ògúndípẹ̀ kò gbọ́ ti oyè. Ohun tí ó rí ni ìyá rẹ̀ tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò lè gbé igbá omi láti ìkòkò dé ẹnu. Ó ní òun yóò lọ. Abíọ́nà ní ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀kan bá tẹ̀, ẹsẹ̀ èkejì yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹfúnyẹmí fi ọwọ́ tí kò lẹ́jẹ̀ mọ́ gbá orí wọn mọ́ra, ó ní, “Ẹ máa wo ara yín o.” Wọ́n sì jáde.

Wọ́n la aginjù kọjá níbi tí ọyẹ́ ti ń fọ́ òkúta bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà. Wọ́n gba igbó kan kọjá tí ìkùukùu kì í kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì dé ẹnubodè ìlú náà. Òmìrán kan ni ó dúró níbẹ̀, Aláwọ̀méjì ni wọ́n ń pè é. Bí ìrì bá wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ a pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú gúáfà. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, a ṣú bí aró. Bí ó bá sì ti pupa, ìlẹ̀kùn kì í ṣí. Ó sọ fún wọn pé, “Ìkùukùu kò jẹ́ kí n gbẹ, ẹ̀yin ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó bá lè gbẹ mí ni yóò wọlé.” Ògúndípẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó mú ewìrì rẹ̀ jáde, ó dá iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru sí òmìrán náà lára. Abíọ́nà bá a fẹ́ ẹ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní apá ń dun òun, ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi. Oòrùn gòkè, oòrùn ń rọ̀, Ògúndípẹ̀ kò dúró. Nígbà tí ó ṣe, àwọ̀ búlúù yọ ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Aláwọ̀méjì, ó gun orúnkún, ó gba àyà, ó dé orí, ìlẹ̀kùn sì ké gbàà, ó ṣí. Òmìrán náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ògúndípẹ̀, ọmọ Ẹfúnyẹmí, wọlé. Ìwọ àti ẹni tí ó tẹ̀ lé ọ.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Ẹni tí ó tẹ̀ lé ọ! Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú Abíọ́nà, ó wọlé bí ẹ̀gún imọ̀ ọ̀pẹ, ó kán sínú, kò sì jáde mọ́.

Ìlú náà! Kí ni kí n fi wé e? Àwọn ohun tí à ń wà nínú ilẹ̀, Wúrà, Bàbà, Irin àti ẹgbẹ́ wọn, ni olúwa ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ní ọwọ́ mẹ́fà: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọwọ́ wọn a máa ṣófo, ebi a sì máa pa ọwọ́ náà. Nítorí náà ni olúkúlùkù ṣe ń wá alábàárìn tí yóò mú ẹ̀bùn wá tí yóò sì di ọwọ́ náà mú. Irú àwọn alábàárìn tí olúwa kan bá ní ni ó ń pinnu àwọ̀ aṣọ tí yóò wọ̀. Bí alábàárìn bá yí padà, aṣọ yóò yí padà. Ògúndípẹ̀ rí aláṣọ elésè-àlùkò, ó rí aláwọ̀ ewé, ó rí aláwọ̀ ọsàn pípọ́n. Ó rí Wúrà tí ó dá jókòó lókè téńté, tí kì í fẹ́ na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣá.

Nígbà tí wọ́n dé ààfin Bàbà, wọ́n rí i tí ó wọ aṣọ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú sánmà lẹ́yìn òjò. Àwọn ọmọbìnrin Omi ni ó yí i ká, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì ń kọrin. Lójijì ni obìnrin kan wọlé, Atanínímú ni orúkọ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nínú àwo, ó ń mú omi jáde lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le, ẹ̀bùn rẹ̀ sì pọ̀. Òun àti àwọn arábìnrin rẹ̀ na ọwọ́ sí Bàbà. Bàbà wò wọ́n, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tú mẹ́rin nínú àwọn ọmọbìnrin Omi sílẹ̀, ó di àwọn àlejò mú. Aṣọ rẹ̀ ṣú kíá, ó di búlúù jíjinlẹ̀ bí aṣọ tí a pa láró léraléra, gbogbo ààfin sì pariwo ẹwà.

Ògúndípẹ̀ nìkan ni kò pariwo. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, àwọn tí ó ti bá yín ń bọ̀ látọjọ́ yìí ńkọ́?”

Bàbà ní, “Ọmọ ènìyàn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le jù ni à ń bá dúró níhìn-ín. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀.”

“Ojú ń ro àwọn tí ẹ tú sílẹ̀, Kábíyèsí.”

Bàbà yíjú padà sí àwọn àlejò rẹ̀. Ògúndípẹ̀ jáde, ó bá àbúrò pátápátá nínú àwọn ọmọbìnrin Omi, Sẹ̀lẹ̀rú, tí ó ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ẹkún. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí yóò forí lé. Sẹ̀lẹ̀rú ní òun kò mọ̀. Ògúndípẹ̀ jókòó tì í títí ẹkún rẹ̀ fi rọlẹ̀, kí ó tó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Abíọ́nà ní kí ó yára, pé omi kì í ṣe ènìyàn.

Níkẹyìn wọ́n dé ọ̀dọ̀ Irin. Irin kò ní ẹwà bí Bàbà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ a máa mì tìtì bí ó bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ẹjọ́ Òkè-Ewìrì, ó ní, “Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, mo ní àga kan. Alábàárìn mẹ́rin ló yí mi ká níbẹ̀, ẹnìkarùn-ún gbé mi lẹ́yìn, ipò kẹfà sì ṣófo. Afẹ́fẹ́ ọ̀rẹ́ mi ni ó ni ipò náà. Bí ẹ bá mí sínú, a jókòó sí i. Mo ń gbé e lọ sí ibi tí ara ti ń pè é, a sì dìde láìjà, kí ó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ ń pè ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, mo ní ọ̀tá kan. Èéfín-Àìrí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ èédú tí ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó. Ẹ kò lè rí i, ẹ kò lè gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá rí ipò kẹfà, a jókòó sí i ṣinṣin, ọwọ́ rẹ̀ le ju ti Afẹ́fẹ́ lọ lọ́nà púpọ̀, kì í sì í fẹ́ dìde. Ẹni tí ó bá sùn tì í kì í jí.”

Láti ibi ọ̀rọ̀ yẹn ni Abíọ́nà kò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ọkàn bá ti ń gbìmọ̀ ibi, etí a máa di sí ìmọ̀ràn rere. Ojú Abíọ́nà ń wo Irin, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti padà sílé, ó ti jókòó lórí àga Ọ̀tún.

Irin bu oògùn sínú akèrègbè kan, oògùn aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. Ó ní, “Ẹ má ṣe ṣí i lójú ọ̀nà. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni èmi àti Afẹ́fẹ́ ti jẹ́ ọ̀rẹ́. Níta, a máa bà mí jẹ́, n ó dógùn-ún, n ó pọ́n bí amọ̀. Bí ó bá ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, n ó rántí ara mi.” Ó gbé akèrègbè náà lé Ògúndípẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń padà bọ̀, òjò ńlá ká wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n sì wọ ihò àpáta kan. Ara Ògúndípẹ̀ ń gbọ̀n. Abíọ́nà kó èédú sínú ìkòkò fífọ́, ó dá iná, ó ní, “Sùn, arákùnrin mi. Iṣẹ́ rẹ ti pọ̀ jù. Èmi ni n ó máa ṣọ́ iná.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ògúndípẹ̀ nínú ju oúnjẹ lọ, ó fi ẹ̀wù bo orí, ó sùn. Nígbà tí ó yá, orí fífọ́ jí i díẹ̀. Ó ṣí ojú tí ó wúwo bí òkúta ọlọ, ó rí i pé òkúta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹnu ihò tán, ọwọ́ Abíọ́nà sì ń tẹ amọ̀ mọ́ ihò tí ó kẹ́yìn. Ó rò pé arákùnrin òun ń dí òtútù fún òun ni. Ó ní, “O ṣeun, Abíọ́nà.” Ọwọ́ náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Sẹ̀lẹ̀rú ni kò jẹ́ kí ìtàn wa parí síbẹ̀. Ọmọbìnrin Omi náà ti ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tí ó béèrè ibi tí òun ń lọ. Ó gba inú pàlàpálá àpáta wọlé, ó pa iná náà, ó rọ amọ̀, ó wó òkúta lulẹ̀, ó sì gbá Ògúndípẹ̀ jáde bí àgbàrá ti ń gbá igi. Ojú ọkùnrin náà pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹni tí ara rẹ̀ le jù lọ láyé; bẹ́ẹ̀ ni Èéfín-Àìrí ṣe ń kun ẹni tí ó ń pa. Sẹ̀lẹ̀rú ké sí Afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ wá láti orí òkè, ó wá láti inú àfonífojì, ọwọ́ rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó pọ̀, kò sì yéé wá. Ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ọ̀tá náà fi dìde díẹ̀díẹ̀ lórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ògúndípẹ̀ sọ ni, “Abíọ́nà!” Ó rá pálá padà sẹ́nu ihò, ó ń fi ọwọ́ gbẹ́ òkúta, ó ń sunkún, ó rò pé òkú arákùnrin òun wà lábẹ́ rẹ̀. Sẹ̀lẹ̀rú fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ́ ẹ díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ burú ju òkú lọ. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó ní, “Ẹni tí o ń wá kò sí níbẹ̀. Wo amọ̀ yìí.” Àpá ìka ṣì wà lára èyí tí omi kò tíì gbé lọ nínú amọ̀ náà, láti ìta ni a sì ti tẹ̀ ẹ́. Ògúndípẹ̀ wò ó. Ó wá akèrègbè, kò rí i. Ó fi ìka ara rẹ̀ sínú àpá ìka náà, ó sì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ìrora orí rẹ̀ ti ń lọ, ṣùgbọ́n “o ṣeun” tí ó sọ wà lẹ́nu rẹ̀ bí orógbó tí kò ṣeé gbé mì.

Ní Òkè-Ewìrì, Abíọ́nà ti dé pẹ̀lú ayọ̀. Ó ti ṣí akèrègbè lójú ọ̀nà láti wò ó, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, oògùn náà sì ti pọ́n bí erùpẹ̀. Wọ́n fi í jẹ Ọ̀tún. Àwọn aláìsàn mu oògùn náà, inú run wọ́n, ara wọn kò yá. Nígbà tí wọ́n béèrè ìdí, ó ní Ògúndípẹ̀ ni ẹ̀rù bà tí ó sá lójú ọ̀nà, pé kí ó tó sá, ó gbé èpè lé oògùn náà. Ẹfúnyẹmí gbọ́. Ó sì gbà á gbọ́.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ tí Ògúndípẹ̀ wọlé tí ó ní, “Ìyá mi, èmi ni,” obìnrin náà kọjú sí ògiri.

“Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní,” ó wí. “Òun ni ó gbé oògùn wá fún mi.”

Ògúndípẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ń yí i. Ihò àpáta ti pa á lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ yìí pa á lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí Afẹ́fẹ́ kan tí ó mọ ọ̀nà àti gbà á sílẹ̀. Ó lè yí padà kí ó máa lọ. Èmi tí mo ń sọ ìtàn yìí, ǹ bá lọ. Ṣùgbọ́n ó rí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó funfun bí ẹfun. Ó gba ààfin lọ.

Abíọ́nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀tún lọ́rùn. Bí ó ti rí ẹni tí ó wọlé, ìlẹ̀kẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí atẹ́gùn. Ògúndípẹ̀ kò wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kábíyèsí, n kò wá du oyè. Ìyá mi ń kú. Ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé akèrègbè náà wá. Irin sọ ohun tí a ó ṣe bí oògùn náà bá pọ́n.”

Ọba yíjú sí Abíọ́nà. “Ọ̀tún, kí ni Irin ní kí a ṣe bí oògùn rẹ̀ bá pọ́n?”

“Kábíyèsí, kò sọ nǹkan kan.”

“Ó sọ ọ́,” ni Ògúndípẹ̀ wí. “Ìwọ náà wà níbẹ̀.”

Ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú akèrègbè náà, lójú gbogbo ìjòyè. Pípọ́n náà ń ṣá, ó ń ṣá, títí àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ fi padà sójú rẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ̀rọ̀ èpè. Lẹ́yìn náà ni ó bu ti ìyá rẹ̀, ó sì rán ẹlòmíràn kí ó gbé e lọ, kí ó má baà kọ̀ ọ́ nítorí ọwọ́ tí ó gbé e wá.

Ara wọn kò yá lọ́jọ́ kan. Oṣù lé, oṣù wọ̀, ètè àwọn ènìyàn sì ń pọ́n padà díẹ̀díẹ̀, òòlù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà náà ni ọba pe gbogbo ìlú jọ, ó ní kí Ògúndípẹ̀ sọ bí ó ti rí. Ó sọ ọ́, kò fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí ó dé ibi “o ṣeun,” Abíọ́nà bú sẹ́kún, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀.

“Níbi gbogbo tí a dé, orúkọ rẹ ni wọ́n ń pè,” ó wí. “Mo rò pé lójú oorun, kò ní dùn ọ́.”

Àwọn ènìyàn ké pé kí a pa á. Ògúndípẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀, ọba sì gbọ́. Ẹfúnyẹmí dìde láàárín àwọn obìnrin, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ògúndípẹ̀ sáré dì í mú. “Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ìyá mi.”

“Mo gba irọ́ gbọ́ lórí rẹ, nítorí pé ẹni tí ó pa irọ́ náà mu ọmú mi.”

“Bí èmi náà ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn, ìyá mi.”

Ó yíjú sí Abíọ́nà tí ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. “N kò ní bá ọ jà, n kò sì ní ṣépè fún ọ. Bí o bá kí mi, n ó dáhùn. Ṣùgbọ́n n kò ní sùn mọ́ láé nínú ilé tí ìwọ bá dá iná sí.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Àwọn méjèèjì darúgbó ní ìlú kan náà, wọ́n ń kí ara wọn lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ wọn sì ń ṣeré pọ̀. Ògúndípẹ̀ jẹ oyè Ọ̀tún, ó kọ́lé, ó láya, ó sì gbádùn ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé, títí di ọjọ́ ogbó, ọkọ òun kì í dùbúlẹ̀ kí ó má kọ́kọ́ na ọwọ́ sí fèrèsé, kí ó rí i pé ó ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn yìí wí. Irin àti Bàbà kò mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀dàlẹ̀. Ọwọ́ tí ó le ni wọ́n mọ̀, a kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n Olódùmarè fún ènìyàn ní ohun tí kò fún irin, ìyẹn ni pé kí a lè di ọwọ́ ẹni tí kò lágbára mú nígbà tí alágbára bá ń pè wá. Ẹni tí ó bá tú ọwọ́ náà sílẹ̀ nítorí oyè tàbí nítorí ìyìn, ó ti sọ ara rẹ̀ di irin lásán. Bí ẹ bá sì ti da ẹnì kan, tí ó dárí jì yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì mọ̀ pé ìdáríjì kì í ṣe oorun: ẹni tí ó dárí jì yín lè fẹ́ràn yín títí ikú, kí ó má sì lè sùn níwájú yín mọ́. Ẹ rọra ṣe sí ẹni tí ó ń sùn nítorí ó gbà yín gbọ́. Ó dàbọ̀ o, kí ilé tù yín lára.